Bí a ṣe ń gbé ètò ìdènà ẹ̀jẹ̀ ríru kalẹ̀ nínú ọjà, àti bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́

Lọ́dún tí a kọ́kọ́ ṣe irú ètò yìí, a pàgọ́ sí ẹnu ọ̀nà ọjà kan n'Íbàdàn, a ta báńà, a gbé gbohùngbohùn síta, a sì ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Èrò wọ́ tìtì. A ya fọ́tò, a kọ ìròyìn pé ètò yọrí sí rere. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan dá mi mọ̀ nínú ọjà kan náà. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi lọ́jọ́sí pé tèmi ga. Ẹ sọ pé ó ga, ẹ ò sọ ibi tí mo máa gbé e lọ."

Mi ò rí èsì fún un. Inú ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ti jáde. Iye èèyàn tó wá sábẹ́ àgọ́ kọ́ ni èso ètò. Èso ni ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga lónìí, tó jẹ́ pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ó ṣì ń lo oògùn, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì ti wálẹ̀. Ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ á rí i pé a kì í dúró dìgbà tí ètò bá parí kí a tó máa ronú bí a ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ibẹ̀ gan-an la ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru láàrin àwọn ọlọ́jà ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí òun ni mo mọ̀ jù. Ẹni tó fẹ́ ṣe ti àtọ̀gbẹ lè gba ọ̀nà kan náà. Irinṣẹ́ ló máa yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú àìsàn kan, ibì kan, ìyípadà kan

Àwọn tó ń fúnni lówó fẹ́ràn kí á kó gbogbo rẹ̀ pọ̀: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ojú, eyín, jẹjẹrẹ ọmú, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ má gbà fún wọn. Ẹ kọ gbólóhùn kan sílẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun: nínú àwọn ọlọ́jà tó ti pé ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru nínú ọjà yìí, mélòó ni a fẹ́ kí ìfúnpá wọn wà lábẹ́ 140/90 nígbà tí ọdún bá yípo? Bí gbólóhùn náà ò bá ṣe é kọ, ètò ò tíì ṣe é bẹ̀rẹ̀.

140/90 ni ààlà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò: 140 ni nọ́ńbà òkè, 90 ni ti ìsàlẹ̀. Lọ́dún 2017 àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn ọkàn ní Amẹ́ríkà sọ tiwọn di 130/80. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ má sì pa á dà lágbede méjì. Mo ti rí ètò tó yí ààlà padà láàrin ọdún; iye àwọn aláìsàn fò sókè lójijì, ara ẹnikẹ́ni ò sì yí padà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ jókòó, ẹ gbọ́

Ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà la ti ń bẹ̀rẹ̀, gbogbo ayé mọ ìyẹn. Àmọ́ Ìyálọ́jà nìkan ò tó. Ẹlẹ́ran ní olórí tiwọn, ẹlẹ́ja ní tiwọn, bẹ́ẹ̀ náà ni aláta, ẹlẹ́lùbọ́ àti aláṣọ. Àwọn aláàlùbọ́sà lè jẹ́ ará Òkè Ọya tí wọ́n nílò ẹni tó gbọ́ Haúsá. Àwọn alábàárù ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, nítorí náà wọn kì í sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Bí ẹ ò bá mọ̀ọ́mọ̀ wá wọn lọ, ẹ ò ní rí wọn.

Nígbà tí ẹ bá jókòó, ẹ má tíì kọ́ wọn ní nǹkan kan. Ẹ bi wọ́n pé kí ló ń fa àìsàn yìí. Ẹ máa gbọ́ "ìrònú ni," ẹ máa gbọ́ "ọwọ́ ayé ni," ẹ sì máa gbọ́ èyí tó ń dààmú mi jù: "Kò sí ibi tó ń dùn mí, kí ni mo fẹ́ fi oògùn ṣe?" Orúkọ tí a fún àìsàn náà wà lára ohun tó fa èyí. A ní ẹ̀jẹ̀ ń ru. Ẹni tí kò gbọ́ kó máa ru lára òun á gbà pé ó ti rọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ìdajì àwọn àgbàlagbà tó ní in lágbàáyé ni kò mọ̀ rárá. Àwa ti fi gbólóhùn kan ṣe ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ wa báyìí: "Kì í dun èèyàn títí ọjọ́ tó máa gbé e dè." Àwọn ìyá fúnra wọn ló máa ń fi ti aládùúgbò tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀.

Ẹ jókòó sí ìdí olóúnjẹ pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ ni iyọ̀ wà. Ìwọ̀n tí wọ́n ní kí àgbàlagbà má jẹ kọjá lóòjọ́ ò tó gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí tíì kan tí kò kún. Olóúnjẹ kan sọ fún mi pé iyọ̀ òun kì í pọ̀, òótọ́ sì ni: orí ìka méjì ló fi bù ú. Lẹ́yìn náà ló fọ́ magí mẹ́rin sínú ọbẹ̀, ó ju kaún sínú ewédú, irú tó sì lò ti gba iyọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú magí. Kaún náà kún fún sódíọ̀mù, èyí tó ń ba tiwa jẹ́ nínú iyọ̀. Fọ́ọ̀mù tó bá béèrè pé "ṣé ẹ máa ń fi iyọ̀ sí oúnjẹ?" láìdárúkọ magí àti kaún á mú èsì tó dùn ún kà wálé, irọ́ sì ni.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ya àtẹ̀gùn náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀

Ẹ mú bébà kan. Ẹ kọ èso sí òkè pátápátá: ìfúnpá wálẹ̀. Kí ló gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìyẹn? Ó ń lo oògùn lójoojúmọ́, ó sì ti dín magí kù. Ṣáájú ìyẹn ńkọ́? Oògùn wà nítòsí, ní iye tí ọwọ́ rẹ̀ ká. Ṣáájú ìyẹn? Ẹnì kan tó mọṣẹ́ ti rí i ní ibùdó ìlera. Ṣáájú ìyẹn, ẹnì kan ti júwe ibẹ̀ fún un, ó sì ti bá a débẹ̀. Ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni àgọ́ àti ẹ̀rọ tí gbogbo wa fẹ́ràn láti ya ní fọ́tò.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàsọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nọ́ńbà tó máa sọ fún yín pé èèyàn ń já bọ́ níbẹ̀. Ká ní ẹ wọn èèyàn 200. Ti 60 ga. 35 dé ibùdó ìlera, 20 bẹ̀rẹ̀ oògùn, 12 ṣì ń lò ó ní oṣù kẹfà. Ìròyìn tó bá kọ 200 gàdàgbà sójú ewé àkọ́kọ́ ti gbàgbé èèyàn 48. Ẹ wá wo ibi tí wọ́n ti já bọ́ jù: láàrin àgọ́ àti ibùdó ìlera, 25 ló sọnù. Ibẹ̀ ni kí owó lọ. Bí ẹ bá lọ fi kún gbohùngbohùn, ẹ ó wulẹ̀ rí èèyàn púpọ̀ sí i sọ nù ni.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ bá ibùdó ìlera sọ̀rọ̀ kí ẹ tó wọn apá kan ṣoṣo

Oògùn wo ló wà nílẹ̀, ó sì máa tó oṣù mélòó? Ọjọ́ wo ni wọ́n ń rí àwọn oní-ẹ̀jẹ̀ ríru? Èèyàn mélòó ni wọ́n lè gbà lóòjọ́? Bí wọn ò bá lè gbà ju mẹ́wàá lọ, ẹ má wọn 300 lọ́jọ́ kan. Kò pọn dandan kí gbogbo ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Lọ́dún 2020 ni ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò ìkápá ẹ̀jẹ̀ ríru kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Kano, tó gbé ìtọ́jú náà wá sí ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé: ìlànà kan tó rọrùn, oògùn díẹ̀ tí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀, àkọsílẹ̀ fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga kọjá 180/110 ni kí ẹ má jẹ́ kó padà sí ìsọ̀. Ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ilé ìwòsàn tó máa gbà á lọ́jọ́ yẹn gan-an, àti ẹni tó máa san owó ọkọ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wọn ọ́n bó ṣe yẹ, kí ètò tó bẹ̀rẹ̀

Ọjà kì í ṣe ibi tó rọrùn láti wọn ìfúnpá. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ àpò gàrí kalẹ̀, tó ń bá oníbàárà jà lórí ọgọ́rùn-ún náírà, nọ́ńbà tirẹ̀ á ga láìsí àìsàn kankan. Nítorí náà ẹ wá kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ìsọ̀. Kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀, kí ó fẹ̀yìn ti àga, kí ó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, kí apá rẹ̀ wà lórí tábìlì ní déédéé ọkàn. Kí ó ti lọ tọ̀. Kí ó má jẹ obì tàbí mu kọfí ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ṣáájú. Ẹ wọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, kí ìṣẹ́jú kan wà láàrin wọn, ẹ ju ti àkọ́kọ́ nù, ẹ ro méjì yòókù pọ̀, ẹ sì pín in sí méjì.

Aṣọ ẹ̀rọ tí a ń dì mọ́ apá ni ọ̀pọ̀ ètò ń gbójú fò. Apá àwọn ìyá ọjà ki. Bí aṣọ náà bá kéré fún apá, nọ́ńbà á lọ sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ ra ńlá àti kékeré.

Ẹ máa yẹ ìwé àwọn tó ń wọn ọ́n wò lóròòru. Lórí ẹ̀rọ tó ń lo bátìrì, nọ́ńbà tó parí sí òdo yẹ kó máa jẹ́ bí ẹyọ kan nínú mẹ́wàá. Bí ẹ bá rí 120, 130, 150, 140 tó tò bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹnì kan ti ń fojú díwọ̀n. Lọ́jọ́ kan mo rí ewé odindi tí kò sí nọ́ńbà kan tó parí sí 7. Ọmọ tó kọ ọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ o. Bátìrì ẹ̀rọ rẹ̀ ti kú láti agogo mọ́kànlá, ojú sì ń tì í láti sọ fún mi.

Èyí tó kàn, ẹ̀bi mi ni. Mo kígbe "ọgọ́sàn-án lé mẹ́rin!" sí ẹni tó ń kọ̀wé, kí n lè tètè kan ẹlòmíràn. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ìlà oníṣu ti mọ nọ́ńbà ìyá náà. Ẹni tó ń bá a dá èésú bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé ó lè kú ti owó lọ́wọ́. Kò wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, a kì í pe nọ́ńbà síta. A ń kọ ọ́ sínú káàdì, a sì ń fi han ẹni tó ni ín nìkan. Ẹ gba ìyọ̀ǹda lẹ́nu wọn kí ẹ tó kọ orúkọ tàbí nọ́ńbà fóònù wọn sílẹ̀, kí ẹ sì gba àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwádìí lára ènìyàn ní ìpínlẹ̀ yín bí ẹ bá máa tẹ èsì jáde.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wá ọjà kejì

Bí mo bá ní kí ẹ mú ohun kan ṣoṣo nínú ìwé yìí, èyí ni. Ẹ wọn ọjà mìíràn tí ẹ ò ní ṣe ètò kankan níbẹ̀, lọ́nà kan náà, lásìkò kan náà.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ẹni tí ẹ yàn nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ ga lónìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọjọ́ burúkú lẹ bá a pàdé. Bí ẹ bá tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oṣù díẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ á sábà fà wálẹ̀ síbi tó ti máa ń wà, ìbáà jẹ́ pé omi lásán lẹ fún un mu. Ara rẹ̀ tún ti mọ́ ẹ̀rọ, kì í bẹ̀rù mọ́. Ìjọba lè ti kéde lórí rédíò láàrin ìgbà náà. Gbogbo èyí á ṣe bí ẹni pé iṣẹ́ ọwọ́ yín ni.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìgbèríko Kwara. Wọ́n gbé ètò adójútòfò ìlera kan kalẹ̀ níbẹ̀, àwọn olùwádìí sì wọn àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́dún 2009, wọ́n padà wọ̀n wọ́n lọ́dún 2011. Níbi tí ètò wà, nọ́ńbà òkè fi 10.41 wálẹ̀. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á pe onílù. Ṣùgbọ́n wọ́n ti wọn agbègbè mìíràn tí kò sí ètò náà, ó sì fi 5.17 wálẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tí a lè kà sí ti ètò jẹ́ 5.24, nǹkan bí ìdajì. Nǹkan ńlá ṣì ni, torí bí ìfúnpá odindi àdúgbò bá fi márùn-ún wálẹ̀, àwọn tí rọpárọsẹ̀ máa kọlù á dín kù. Àmọ́ ó yàtọ̀ sí mẹ́wàá.

Finland náà rí irú rẹ̀. Ètò ìlera tí dọ́kítà Pekka Puska darí ní ẹkùn North Karelia níbẹ̀ láti ọdún 1972 wà lára àwọn tó lókìkí jù lágbàáyé: ọ̀rá mààlúù ni wọ́n ń jẹ, sìgá ni wọ́n ń fà, àrùn ọkàn ń pa àwọn ọkùnrin wọn bí eṣinṣin. Ikú náà dín kù gidigidi. Ṣùgbọ́n ní Kuopio, ẹkùn ìtòsí tí wọ́n fi ń wé e, ó dín kù pẹ̀lú, àríyànjiyàn lórí iye tó jẹ́ ti ètò ò sì tíì tán. Ìròyìn ètò náà ti lè dé Kuopio, èyí tó kọ́ wa pé kí ọjà kejì má jẹ́ èyí tí àwọn oníṣòwò kan náà ń ná.

Ẹ mú ọjà tí títóbi rẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ jọ ti ọjà yín. Kí ẹ sì ṣèlérí fún wọn pé ètò á kàn wọ́n lẹ́yìn ọdún kan, torí kò dáa kí a máa wọn èèyàn lásán. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, kí ó sì mọ ibi tó máa gbé e lọ.

Ìgbésẹ̀ 7: Iṣẹ́ gan-an

Ìwé pélébé ò wo àìsàn. Lọ́dún 2018, dọ́kítà Ronald Victor àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì iṣẹ́ kan jáde láti Los Angeles: ilé onígbàjámọ̀ 52 tí àwọn aláwọ̀ dúdú ni, ọkùnrin 319. Ní apá kan, onígbàjámọ̀ kàn ń gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n lọ rí dọ́kítà. Ní apá kejì, apòògùn wá bá wọn lórí àga ìgẹrun, ó sì fún wọn lóògùn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nọ́ńbà òkè fi 27 wálẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí apòògùn bá, ó fi 9 wálẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó gba ìyànjú. Ìtọ́jú ló bá wọn níbi tí ẹsẹ̀ wọn ti máa ń dé.

Ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dé gbogbo ìsọ̀ nínú ọjà wa? Alájọ ni. Ó mọ ẹni tí kò wá lánàá, ó mọ ẹni tí àìsàn dá dúró sílé. Káàdì rẹ̀ ò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: àpótí 31, àmì bírò kan lóòjọ́. A tẹ káàdì oògùn ní àwòrán kan náà, a ò kọ orúkọ àìsàn sí i lára, a sì ní kí alájọ méjì kan máa béèrè lọ́wọ́ àwọn tó bá yọ̀ǹda pé, "Màmá, ẹ ti sàmì tòní?" Kò gbọ́dọ̀ ju ìyẹn lọ. Nígbà Ààwẹ̀, a ní kí àwọn Mùsùlùmí kọ́kọ́ béèrè ní ibùdó ìlera bí wọ́n ṣe máa sún àsìkò oògùn sí sààrì tàbí ìṣínu.

Ṣùgbọ́n àmì kì í ṣe ẹ̀rí. Ní ìparí oṣù àkọ́kọ́, mo gba káàdì kan tí àmì 31 rẹ̀ tẹ̀ sí apá kan náà, bírò kan náà, ó hàn pé orí ìjókòó kan ni wọ́n ti sà wọ́n tán, bóyá nígbà tí wọ́n rí mi ní ìkòríta. Ní báyìí a ń wo sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn, a ń ka èyí tó kù, láìbínú. Ẹni tí èèyàn bínú sí lónìí á jù ú sí gọ́tà kí ó tó kan ọ̀la.

Ní ti iyọ̀, àwọn olóúnjẹ ni kí ẹ bá ṣiṣẹ́, nítorí ìkòkò kan ń bọ́ àádọ́ta èèyàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn dán an wò, magí kan dín lọ́sẹ̀ yìí, òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí àwọn oníbàárà má fura. Ní ìgbèríko China, wọ́n pín iyọ̀ tí wọ́n fi èròjà mìíràn, potassium, rọ́pò apá kan rẹ̀ ní ìdajì nínú abúlé 600. Èsì tó jáde lọ́dún 2021 fi hàn pé rọpárọsẹ̀ fi ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Kò yẹ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó sì wọ́n ju iyọ̀ lásán lọ, nítorí náà mi ò tíì gbé e lọ sọ́jà.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ kà á, ẹ sì béèrè

Olùwádìí Russell Glasgow àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé RE-AIM, ìlànà tí a fi ń yẹ ètò ìlera wò, kalẹ̀ lọ́dún 1999, ìbéèrè márùn-ún tó sì wà nínú rẹ̀ ni mo ṣì ń lò. Àwọn wo ló dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn wo ni kò dé (alábàárù dà)? Ṣé ó yí nǹkan padà? Ìsọ̀ àti ẹgbẹ́ mélòó ló gbà á? Ṣé a ṣe é bí a ṣe kọ ọ́, tàbí bátìrì kú? Ṣé ó máa wà lẹ́yìn wa?

Ẹ wọn gbogbo wọn padà ní irú oṣù tí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n wọ́n, ẹ má fi oṣù Kejìlá tí ọjà ń gbóná wé oṣù Kẹfà. Ẹni tí ẹ ò rí mọ́, ẹ kà á mọ́ àwọn tí ìfúnpá wọn kò wálẹ̀. Ó máa ń dùn wá, torí ó ń ba nọ́ńbà jẹ́, àmọ́ ẹni tó ń lo oògùn déédéé ni kì í sá fún nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà, ẹ wá mẹ́wàá nínú àwọn tó sọnù lọ, kí ẹ sì béèrè ìdí lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan sọ fún mi pé àgbo ni òun fi rọ́pò rẹ̀. Òmíràn ní oògùn ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ òun wú, amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan lóòótọ́. Ó yẹ kí ẹnì kan ti sọ fún un pé dọ́kítà lè pa á dà.

Owó: ẹ ya ìdá mẹ́wàá sọ́tọ̀ fún wíwọ̀n nìkan, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án bí epo ọkọ̀ bá tán.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ dá èsì padà sí ọjà

Àwọn tó fúnni lówó á gba ìròyìn alábala ogójì. Ọjà ò nílò ìyẹn. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́, a da ẹ̀wà sórí àtẹ, ẹyọ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí nọ́ńbà rẹ̀ ga, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. A yọ àwọn tí kò dé ibùdó ìlera kúrò, a yọ àwọn tí kò bẹ̀rẹ̀ oògùn, a yọ àwọn tó dá a dúró. Àtẹ náà ń dá. Ìyálọ́jà na ìka sí òkìtì àkọ́kọ́ tí a yọ, èyí tó pọ̀ jù. Ó ní, "Àwọn wọ̀nyí, kí ló dè?"

Mo fẹ́ máa ṣàlàyé nípa ìmọ̀ àti ìbẹ̀rù. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ yẹn kan náà ló já a gbà lẹ́nu mi: ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n ń rí oní-ẹ̀jẹ̀ ríru ní ibùdó ìlera ni ọkọ̀ ẹ̀lùbọ́ àti ti gàrí máa ń já ẹrù. Ta ló máa fi ẹrù sílẹ̀? A pe olórí ibùdó ìlera lórí fóònù níbẹ̀. Wọ́n sún un sí Ọjọ́bọ̀.